Bí a ṣe ń ra adójútòfò ilé, ṣọ́ọ̀bù àti mọ́tò ní Èkìtì, àti bí a ṣe ń gba owó rẹ̀

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ wọlé, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ìjì ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀ dé Èkìtì. Páànù á ṣí kúrò lórí ilé, á fò kọjá títì, òjò á sì wọlé bá bẹ́ẹ̀dì àti àpótí ìwé. Onílé tó ti ń san owó adójútòfò (ínṣọ́ránsì) á mú ìwé rẹ̀, ó di ọ́fíìsì wọn. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un: iná, àrá, ìbúgbàù gáàsì ìdáná. Ìjì ò sí nínú rẹ̀. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ o. Ohun tó rà ni wọ́n kà sí i létí.

Ìdí nìyí tí a fi máa pẹ́ lórí ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí òfò tó dé. Ọjọ́ tí ẹ kún fọ́ọ̀mù ni ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ iye tí ẹ máa gbà.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Ẹ má fi adójútòfò wé àjọ. Nínú àjọ, owó yín lẹ máa kó níkẹyìn. Níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ, ẹni tí òfò bá kàn lọ́dún náà ni wọ́n ń kó o fún. Bí ọdún bá parí tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀, owó yẹn ti lọ, ẹ sì ti jẹ èrè rẹ̀: gbogbo ọdún náà lẹ fi sùn lábẹ́ ààbò.

Kò sì sí èrè nínú òfò. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ni láti dá yín padà sí ibi tí ẹ wà kí nǹkan tó bàjẹ́, kì í ṣe láti gbé yín kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá fi ilé kan ṣoṣo sí ọwọ́ iléeṣẹ́ méjì ò ní gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn méjèèjì ló máa pín òfò kan náà san.

Oríṣi ààbò méjì ló wà. Èkíní ń bo ohun tó jẹ́ tiyín: ilé, ọjà, ẹ̀rọ, mọ́tò. Èkejì ń bo gbèsè tó já lé yín lórí nítorí pé ẹ ṣe ẹlòmíràn léṣe tàbí ẹ ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Third party ti mọ́tò wà nínú èkejì. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní third party ló rò pé wọ́n á fi tún mọ́tò tàwọn náà ṣe. Wọn ò ní fi tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iye tó jẹ́ òótọ́

Fún ilé, iye tí ẹ máa kọ ni owó tí yóò tún un kọ́ lónìí. Kì í ṣe iye tí ẹ fi kọ́ ọ, kì í sì í ṣe iye tí ẹni tó fẹ́ rà á máa san. Ẹ má ka ilẹ̀ mọ́ ọn, iná kì í jó ilẹ̀. Ká ní ilé yàrá mẹ́ta kan ní Ìfàkì gba mílíọ̀nù 6 ní 2014. Lónìí, ẹ pe bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti ẹni tó ń kan páànù, wọ́n ṣírò rẹ̀, ó di mílíọ̀nù 24. Mílíọ̀nù 24 ni ẹ máa kọ, ẹ ó sì fi owó tí wọ́n máa fi kó àlàpà kúrò lé e, pẹ̀lú owó ẹni tó máa yàwòrán ilé. Ẹ tún un ṣírò lọ́dọọdún. Símẹ́ńtì kì í dúró sójú kan.

Fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ iye tí ọjà yín máa ń tó lásìkò tó bá kún jù. Ẹni tó ń ta aṣọ tó kọ iye ọjà oṣù kẹfà sílẹ̀ ti gbàgbé pé ọjà ọdún Kérésì lè ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ní ọjà mílíọ̀nù 12. Kó lè dín owó ọdún kù, ìyẹn owó tó ń san fún iléeṣẹ́ adójútòfò lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 6 ló kọ. Iná jó ọjà mílíọ̀nù 4. Lójú tirẹ̀, 4 ò tó 6, ó yẹ kí wọ́n san gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní average. Ohun tó ń sọ ni pé bí ẹ bá fi ìdajì ohun tí ẹ ní péré sábẹ́ adójútòfò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ru ìdajì yòókù nínú òfò yòówù kó dé. Mílíọ̀nù 6 jẹ́ ìdajì 12, nítorí náà ìdajì mílíọ̀nù 4 ni wọ́n máa kà fún un: mílíọ̀nù 2. Bí ìwé bá tún sọ pé kí ẹni tó ra ìwé ru ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún òfò (wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí excess), 200,000 náírà á tún kúrò níbẹ̀. Yóò ku mílíọ̀nù kan àti 800,000.

Ká wá ní náírà 3 lórí 1,000 ni owó ọdún náà. Mílíọ̀nù 12 á san 36,000, mílíọ̀nù 6 á san 18,000. Bó bá ti kọ 12 ni, mílíọ̀nù 3 àti 600,000 ni ì bá gbà. Nítorí 18,000 náírà, mílíọ̀nù kan àti 800,000 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfipamọ́ owó kọ́ nìyẹn, àdánù ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ewu ní orúkọ-orúkọ

Ìwé iná lásán kò bo ju iná, àrá àti ìbúgbàù gáàsì ìdáná lọ. Ní Èkìtì, kò tó. Ẹ béèrè fún fire and special perils, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kí ẹ sì fojú ara yín rí i pé àwọn wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: ìjì, àgbàrá òjò, omi tó bú láti inú páìpù tàbí táǹkì, mọ́tò tó já wọ ilé, rògbòdìyàn àti ìbàjẹ́ ọwọ́ ọ̀tá. Ẹni tó bá ń gbé létí odò tàbí nísàlẹ̀ ibi tí omi ń rọ́ gbà, ní agbègbè Ajílòsun fún àpẹẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ àgbàrá kúrò kí ẹ lè san díẹ̀. Èyí gan-an lẹ tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ tún wo àwọn nǹkan mẹ́rin yìí, torí inú wọn ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Iná ọ̀gbẹlẹ̀. Iná tí wọ́n dá sí igbó lásìkò ọyẹ́ tó wá ràn mọ́ ilé, ìwé iná máa ń yọ ọ́ sílẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ní kí wọ́n fi kún un. Kòkó àti ọ̀pẹ tó wà lóko kò sí lábẹ́ ìwé ilé rárá. Nigerian Agricultural Insurance Corporation, NAIC, ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀ nípa oko, ìjọba sì máa ń bá àgbẹ̀ san lára owó àwọn ọ̀gbìn kan níbẹ̀.

Iná mànàmáná. Bí iná bá dé pẹ̀lú agbára jù tí firíìjì sì kú, tí kò jó nǹkan kan, ìwé iná ò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí firíìjì yẹn bá gbiná tí iná sì mú àga, kọ́ńbọ́ọ̀dù àti àjà, wọ́n á san ti àga, kọ́ńbọ́ọ̀dù àti àjà. Firíìjì tí iná ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọn kò ní san. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò ní láti ra ìyẹn lọ́tọ̀.

Ilé òfìfo. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó, ní Àbújá àti ní òkè òkun, tí wọ́n kọ́lé sí Ọ̀yẹ́ tàbí Arámọkọ tí wọ́n ń wá sùn nínú rẹ̀ lọ́dún Kérésì nìkan. Ìwé iná sábà máa ń sọ pé bí ilé bá ṣófo ju 30 ọjọ́ lọ, ààbò rẹ̀ dúró, àyàfi tí iléeṣẹ́ náà bá ti mọ̀ tí wọ́n sì ti kọ ọ́ pé àwọn gbà. Ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í gbé ibẹ̀. Owó rẹ̀ lè lé díẹ̀. Ó sàn ju kí ẹ máa san owó lórí ìwé tí kò lè jà fún yín.

Olè. Adójútòfò olè jíjà ń béèrè àmì pé wọ́n fipá wọlé tàbí fipá jáde: àgádágodo tí wọ́n já, bọ́gílárì tí wọ́n gé. Bí ọmọ ìṣọ́ọ̀bù bá fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fún un ṣílẹ̀kùn kó ọjà, ìwé olè ò ní dáhùn. Ìwé tó ń bo àìṣòótọ́ òṣìṣẹ́ yàtọ̀, fidelity guarantee ni wọ́n ń kọ sí i lórí. Ọjà tí ẹ ń kó bọ̀ láti Èkó tàbí Onitsha náà, kò sí lábẹ́ ìwé ṣọ́ọ̀bù nígbà tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Goods in transit ni tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fọwọ́ ara yín kún fọ́ọ̀mù

Ẹ má jẹ́ kí ajẹ́ńtì bá yín kún un kí ẹ kàn wá buwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù á béèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ògiri, ohun tí wọ́n fi bo òrùlé, ohun tí ẹ ń tà, ibi tí ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, àti bóyá òfò ti ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ rí. Bí ẹ bá ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́. Bí wẹ́dà tàbí ilé búrẹ́dì bá wà ní ògiri kejì, ẹ kọ ọ́. Bí iná bá ti jó yín lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ kọ ìyẹn náà. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ tó lè yí ìpinnu iléeṣẹ́ padà lè sọ gbogbo ìwé di òfo lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọjọ́ fọ́ọ̀mù nìkan: bí ilé ìgbé bá di ilé ìtajà gáàsì láàárín ọdún, ẹ kọ lẹ́tà sọ fún wọn.

Ajẹ́ńtì, ti iléeṣẹ́ ló ń ṣe. Bróókà, tiyín ló yẹ kó ṣe: òun ló máa wá owó káàkiri iléeṣẹ́ mẹ́ta-mẹ́rin, tó máa bá yín ka ìwé, tó sì máa tẹ̀ lé e nígbà òfò. Iléeṣẹ́ ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀ látinú owó ọdún yín. Fún ilé ńlá, ilé ìwé, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìtọ́jú ọjà, ẹ lo bróókà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó kọ́kọ́, ààbò lẹ́yìn

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2013 ni NAICOM ti fi ọwọ́ líle mú òfin pé láìsanwó kò sí ààbò. "Ẹ máa lọ, ẹ mú owó wá níparí oṣù" ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkáǹtì iléeṣẹ́ tàbí ti bróókà tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe àkáǹtì ajẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì.

Bí ìwé bá dé, ojú ewé kan wà tó ju gbogbo yòókù lọ, schedule ni wọ́n kọ sí i lórí. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orúkọ: ṣé bó ṣe wà lórí ìwé ilé tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò yín ló wà? Àdírẹ́sì: ṣé ilé tó tọ́ ni, kì í ṣe ilé tí ẹ kó kúrò? Iye tí ẹ kọ sílẹ̀ fún ohun ìní yín, orúkọ ewu kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, iye tí ẹ̀yin máa rù fúnra yín. Ẹ wo àwọn májẹ̀mú tí wọ́n fi sí i pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìpaná, ẹ rà á, ẹ gbé e kọ́, ẹ máa yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ pé kí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà máa sùn sínú séèfù tàbí sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lọ́jọ́ náà, lẹ́tà kan á tún un ṣe. Èyí tí ẹ rí lẹ́yìn iná ti pẹ́ jù.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọjà tó jóná mọ́ ọjà ò lè jẹ́rìí. Ẹ máa ya fótò rìsíìtì yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn nínú ẹbí lórí WhatsApp. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká pẹ̀lú fóònù, ẹ ká fídíò rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Nínú ilé, ẹ ya nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ti mọ́tò

Third party pọn dandan lábẹ́ òfin, ọlọ́pàá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025. Iye tí NAICOM fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní 2023 ni 15,000 náírà lọ́dún fún mọ́tò àdáni. Nǹkan ẹlòmíràn tí mọ́tò yẹn bá bàjẹ́, iléeṣẹ́ á san án títí dé mílíọ̀nù 3. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san 5,000, tirẹ̀ dé mílíọ̀nù 2. Ọ̀kadà ń san 3,000, ó dé mílíọ̀nù 1. Ọkọ̀ akẹ́rù agbowó ń san 100,000, ó dé mílíọ̀nù 5. Ìpalára àti ikú ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹnikẹ́ni bá tà á fún yín ní ìdajì owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe pátíkúlà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bébà lásán lẹ rà. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, tàbí kí ẹ lọ sí askniid.org, kí ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò wá a. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún mọ́tò tirẹ̀ náà ṣe, comprehensive ni yóò rà. NAICOM ní owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò, nítorí náà mọ́tò mílíọ̀nù 4 ò lè san kéré ju 200,000 lọ.

Bí mọ́tò méjì bá forí gbárí, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó ṣèṣe. Ẹ ya fótò mọ́tò méjèèjì kí wọ́n tó sún wọn kúrò, kí nọ́ńbà àti ojú títì hàn nínú rẹ̀. Ẹ gba orúkọ awakọ̀ kejì, fóònù rẹ̀, àti orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé náà. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ kí i, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé "èmi ni mo jẹ̀bi, màá tún un ṣe", ẹ má sì buwọ́ lu ìwé kankan bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ yín ló ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́ yẹn rò, ẹ sì lè fi ẹnu ba tiyín jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n gbá, iléeṣẹ́ ẹni tó gbá yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá, fótò, àti iye tí mẹkáníìkì àti panẹbítà kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí òfò bá dé

Ẹ̀mí kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bí ẹni tí kò ní adójútòfò: ẹ pe 112, ẹ pe àwọn panápaná, ẹ kó ohun tó ṣì ṣeé kó jáde, ẹ fi tapólì bo ibi tí òrùlé ti ṣí. Òfin ìwé yín ni pé kí ẹ má jẹ́ kí òfò pọ̀ sí i. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tapólì yẹn.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ pe iléeṣẹ́ tàbí bróókà, kí ẹ sì fi lẹ́tà tàbí ímeèlì tẹ̀ lé e, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní déètì. Ìwé yín ló máa sọ iye ọjọ́ tí ẹ ní láti kó ẹ̀rí sílẹ̀. Bí olè bá wọlé tàbí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀, ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má gbá àlàpà kúrò. Èyí ṣòro, torí ẹbí á dé, àwọn ará àdúgbò á fẹ́ bá yín tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Aṣọ tó jó ku etí rẹ̀, páànù tó ká, wáyà tó yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Ẹ ya fótò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iléeṣẹ́ á rán ẹni tó ń ṣírò òfò wá, loss adjuster. Àwọn ló ń san owó rẹ̀, ẹ ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù tí ẹ kún, ìwé àdéhùn, rìsíìtì owó ọdún, ìwé panápaná, ìwé ọlọ́pàá, rìsíìtì ọjà, àti iye àtúnṣe láti ọwọ́ oníṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má bu iyọ̀ sí i. Ẹni tó kọ àpò ìrẹsì 40 sí ibi tí 25 wà lè pàdánù owó 25 náà, torí irọ́ kan nínú ìwé tí ẹ fi béèrè owó òfò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Níkẹyìn wọ́n á gbé discharge voucher wá. Ẹ kà á dáadáa. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ti sọ pé òun gba iye yẹn, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má buwọ́ lù ú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò wọn hàn yín ní ìlà-ìlà, kí ẹ wò ó bóyá average ni tàbí ohun kan tí wọ́n yọ, kí ẹ fi ẹ̀rí dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, ẹ kọ̀wé ẹ̀hónú sí NAICOM ní Àbújá, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ ti kọ. Èyí tún ni ìdí tí lẹ́tà fi dára ju ìpè lọ.

Bí ẹlòmíràn ló fa òfò náà, ẹ má dárí jì í lórí ìwé kí iléeṣẹ́ tó sanwó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san fún yín, àwọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a ṣẹjọ́ ní orúkọ yín. Ohun tó kù lára nǹkan tí wọ́n san owó rẹ̀ pátápátá, tiwọn ni pẹ̀lú, bíi mọ́tò tó ti rún.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Bí ẹ bá ti gba mílíọ̀nù 5 lórí ilé mílíọ̀nù 24, mílíọ̀nù 19 péré ló lè ṣẹ́ kù lábẹ́ ààbò títí ọdún á fi parí. Ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà sí 24, ẹ san owó oṣù tó kù lórí mílíọ̀nù 5 náà, kí ẹ sì rí i lórí ìwé kí ìjì ìparí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀.